Bí mo ṣe ń sin kòkòrò àìfojúrí nínú dúrọ́ọ̀mù, láì lówó rẹpẹtẹ lọ́wọ́

Sátidé tó kọjá mo gbé kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì lọ sílé màmá mi ní Ìyìn-Èkìtì. Mo mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń sẹ́ ògì, bí mo sì ṣe ń wọlé báyìí ni mo rí i tí wọ́n ti gbé rọ́bà ńlá, omi orí ògì tó ti tòrò, tó ti kan dáadáa, wọ́n fẹ́ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní "Màmá, ẹ dákun, ẹ má dà á nù!" Wọ́n dúró. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi odidi rọ́bà omidùn ṣe, ṣé àgbo ni mo fẹ́ rẹ ni. Mo ní rárá o, oko ni mo ń gbé e lọ. Wọ́n ní kí n gbé e, kí n ṣáà rántí dá kẹ́ẹ̀gì wọn padà, torí ọ̀kan nínú méjèèjì tiwọn ni.

Ohun alààyè tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì méjì yẹn ju gbogbo èèyàn tó wà láyé lọ fíìfíì. Màmá mi ló sin gbogbo wọn, ọjọ́ mẹ́ta péré, àgbàdo àti omi nìkan ni wọ́n ná lé e lórí. Kò síná, kò sí ẹ̀rọ, kò sí fílítà. Nǹkan tí mo fẹ́ kọ nípa ẹ̀ lónìí nìyẹn, torí pé ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibí yìí, oko mi wà lójú ọ̀nà Ìjàn, mo ń sin ẹlẹ́dẹ̀, mo ní adìẹ díẹ̀, mo sì ń gbin tòmátò àti ata rodo. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, òórùn ilé ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn tó kọ́lé sítòsí, ni mo bá ra ìgò kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta oògùn oko, lítà kan péré, owó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò oúnjẹ adìẹ kan, wọ́n ní kòkòrò rere ló wà nínú ẹ̀, pé tí n bá pò ó mómi tí mo fọ́n ọn sílẹ̀ òórùn á lọ. Mo fọ́n ọn títí, kò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní microbiology gba ìgò yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n kán díẹ̀ sórí oúnjẹ tí wọ́n fi máa ń hu bakitéríà, wọ́n gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nǹkan kan ò hù. Òkú ni gbogbo wọn. Ìgò náà ti jókòó sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, ohun tí mo fi owó oúnjẹ adìẹ rà kò ju omi aláwọ̀ lọ. Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe torí owó yẹn nìkan, torí mo mọ iye àwọn ọ̀dọ́ l'Ékìtì yìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oko tí wọ́n ń ra irú ìgò bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù.

Mo wá bi ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé a ò lè sin wọ́n fúnra wa ni. Wọ́n ní a lè sin wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣì ń lò títí dòní: ilé iṣẹ́ ńlá máa ń ra táǹkì irin tí kì í dípẹtà, wọ́n á fi ooru gbígbóná pa gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀, wọ́n á sẹ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọlé, iná ò sì gbọ́dọ̀ lọ fún ìṣẹ́jú kan. Nítorí kí ni? Nítorí kí kòkòrò àjèjì má baà wọlé bá èyí tí wọ́n ń sìn. Gbogbo owó yẹn, owó àtilé ọ̀tá ni. Ẹni tí ò lówó yẹn, ibi tí ọ̀tá ò lè gbé ló máa wá, á wá sin tiẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ wo omi ògì lójú ọ̀rọ̀ yẹn. Lactobacillus lorúkọ àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣúgà ni wọ́n ń jẹ, ásíìdì ni wọ́n ń ṣe jáde, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ògì kan. Ásíìdì yẹn ni odi ìlú wọn. Tí pH omi yẹn (òǹkà tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn, bó bá ṣe kéré sí ló ṣe kan sí) bá ti já wá sísàlẹ̀ 4, ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń mú nǹkan rà àti èyí tó ń fa inú rírun ò lè pọ̀ sí i níbẹ̀ mọ́, àwọn oníkíkan nìkan ló máa kù tí wọ́n ń ṣe fàájì wọn. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ sè é, kò pọn dandan kẹ́ ẹ fi ooru pa nǹkan kan. Pépà pH kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ omi lẹ nílò, kò wọ́n, imú náà sì mọ̀ ọ́n: tó bá ń ta bí ògì kíkan, ó dáa, tó bá ń rùn bí ẹyin jíjẹrà, ẹ dà á nù, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni iye tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀. Ká ní dúrọ́ọ̀mù 200 lítà lẹ fẹ́ kún. Tẹ́ ẹ bá da 20 lítà omi tó ti kan sí i gẹ́gẹ́ bí ìwúkàrà, kòkòrò inú ẹ̀ ní láti di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin péré kí wọ́n tó gba gbogbo dúrọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kọ́ọ̀bù kan, ká pè é ní ìdámẹ́rin lítà, lẹ dà sí i, wọ́n ní láti di ìlọ́po méjì nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà, nínú ẹ̀ẹ̀mẹfà yẹn, àjèjì tó bá omi wọlé náà lè pọ̀ di ìlọ́po 64 tó bá ń yára bíi tiwọn, kí ásíìdì tó pọ̀ débi tó máa lé e, ó ti jẹun yó. Ìyẹn lẹ ṣe máa rí ẹni méjì tó lo nǹkan kan náà, ti ẹnì kan dáa, ti ẹnì kejì ń rùn, tí wọ́n á máa ní ọwọ́ ẹnì kan ló burú. Ọwọ́ kọ́, ìwúkàrà ẹ̀ ló kéré.

Torí náà mẹ́wàá-mẹ́wàá ni mo máa ń gùn ún. Kọ́ọ̀bù kan wọ 2 lítà, 2 lítà wọ 20, 20 wọ 200, mo máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta sí ìpele kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì náà tó nígbà tí ooru bá mú. Tí ti 200 bá sì ti pé, mi ò kì í lò ó tán, mo máa ń ṣẹ́ 20 lítà kù sínú kẹ́ẹ̀gì fún èyí tó kàn, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń da omidùn àná díẹ̀ mọ́ àgbàdo tuntun kó lè tètè kan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bí ìgbà márùn-ún sí mẹ́fà mo máa ń padà sọ́dọ̀ màmá mi lọ gba tuntun, torí àjèjì díẹ̀díẹ̀ máa ń ráàyè wọlé nínú èyí tí mò ń tún lò.

Oúnjẹ ńkọ́? Àwọn ará Kòríà tó máa ń ṣe irú oko yìí, omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kó kan díẹ̀, wọ́n á wá da mílíkì ìlọ́po mẹ́wàá mọ́ ọn, tó bá ti pẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan ohun funfun á léfòó sókè, omi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nísàlẹ̀ ni wọ́n á kó. Ó ń ṣiṣẹ́ o. Àmọ́ ta ló ń ra mílíkì da sínú ilé ẹlẹ́dẹ̀ ní Nàìjíríà? Èmi ti rí àrọ́pò ẹ̀. Àwọn ìyá oníwàrà, àwọn Fúlàní tó ń gbé wàrà wá sọ́jà, tí wọ́n bá ti fi ewé bọ̀mùbọ̀mù mú mílíkì dì tán tí wọ́n kó wàrà sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré, omi tó ń ro sílẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń dà á nù. Ṣúgà inú mílíkì wà nínú omi yẹn, lactobacillus sì fẹ́ràn ẹ̀. Mo bá ìyá kan ṣàdéhùn, mo ń gbé kẹ́ẹ̀gì fún wọn, wọ́n ń bá mi kó o jọ, mo ń fún wọn ní owó díẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ lọ tà á fún èèyàn mu ni, wọn ò fẹ́ gbà, àfìgbà tí wọ́n wá sóko wò ó.

Lásìkò kòkó, ẹ̀yin ará Èkìtì, oúnjẹ ọ̀fẹ́ wà nílẹ̀ tí a ò kà sí. Tí wọ́n bá fọ́ kòkó tí wọ́n kó o jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi dídùn kan máa ń ṣàn jáde láti ara ohun funfun tó bo hóró ẹ̀. Ilẹ̀ ló ń mu gbogbo ẹ̀. Ṣúgà kún inú ẹ̀. Mo máa ń lọ gbé páànù sábẹ́ òkìtì kòkó ẹni tó bá gbà fún mi. Àti pé kòkó fúnra ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rò ó wò, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ewé yẹn fún ọjọ́ márùn-ún mẹ́fà ni kòkòrò onírúurú mẹ́ta tó ń jọba tẹ̀lé ara wọn: yíìsì ló kọ́kọ́ dé, á sọ ṣúgà dọtí, lactobacillus náà á wọlé, tí bàbá mi bá wá yí i tí afẹ́fẹ́ ráyè wọ inú ẹ̀, àwọn tó ń sọ ọtí di fínígà á gba ipò, àwọn yẹn ló ń mú kó gbóná títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50°C. Ooru àti fínígà yẹn ló ń pa hóró náà tí kì í fi í hù mọ́, tó sì ń jẹ́ kí chocolate ní adùn. Bàbá mi ò ka ìwé kankan nípa ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n yí i, wọ́n kàn máa ń ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ ni.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe oko nìkan ni irú omi táwa ń dà nù yìí ti ṣe gudugudu méje. Oògùn penicillin, lásìkò ogun Hitler, àwọn onímọ̀ ní Oxford mọ̀ pé ó ń wo èèyàn sàn ṣùgbọ́n wọn ò rí i ṣe tó. Wọ́n ń sin fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń ṣe é nínú póò tí aláìsàn fi ń tọ̀, ọ̀kan nínú wọn, Norman Heatley, wá jẹ́ kí wọ́n mọ ìkòkò amọ̀ pẹlẹbẹ tó jọ póò ọ̀hún. Ní oṣù kejì ọdún 1941 wọ́n fún ọlọ́pàá kan, Albert Alexander, ara ẹ̀ ń yá, oògùn bá tán, wọ́n tiẹ̀ ń yọ ọ́ padà látinú ìtọ̀ ẹ̀ kí wọ́n lè tún fún un, síbẹ̀ kò tó, ọkùnrin náà kú. Nígbà tó di àárín ọdún yẹn, Heatley àti ọ̀gá wọn, Howard Florey, wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ Amẹ́ríkà, wọ́n dé ìlú kan tó ń jẹ́ Peoria tí àgbàdo pọ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi omi tí ilé iṣẹ́ rẹ àgbàdo sí kún oúnjẹ fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn. Omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ni o, tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa dà á sí. Penicillin tó jáde lọ sókè ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbàkígbà tí mo bá rí omi ẹ̀gbo àti omi ògì tó ń ṣàn lọ sójú gọ́tà l'Ádó, ọlọ́pàá yẹn ni mo máa ń rántí.

Èyí tó wú mi lórí jù nínú gbogbo nǹkan tí mo ti kà ni ti Perú. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bti, bakitéríà ni, tí ọmọ ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́ nínú omi ó máa kú, kì í sì í ṣe ẹja tàbí èèyàn ní nǹkan kan. Wọ́n ń tà á, ó wọ́n. Obìnrin onímọ̀ kan ní Lima, Palmira Ventosilla, wá rò ó pé abúlé tí ibà pọ̀ sí yìí, àgbọn wà níbẹ̀. Omi inú àgbọn tí ò tíì fọ́ mọ́, kòkòrò kankan ò sí nínú ẹ̀, ṣúgà wà níbẹ̀, oúnjẹ tó ń mú ara dàgbà wà níbẹ̀, èèpo ẹ̀ le, ó tì pa. Táǹkì tí ilé iṣẹ́ ń fi owó gọbọi rà, Ọlọ́run ti so ó sórí igi. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lu ihò kékeré sára àgbọn, wọ́n fi òwú tó ní Bti díẹ̀ lára bọ inú ẹ̀, wọ́n dí ihò náà pa, wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ooru ilé lásán ló ń hù ú, lẹ́yìn náà wọ́n là á, wọ́n jù ú sínú adágún omi tí ẹ̀fọn ń yé sí. Àwọn ará abúlé fúnra wọn, títí kan ọmọ iléèwé, ni wọ́n kọ́ láti máa ṣe é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mi ò lè sùn. Mo ń ronú ibi tí omi ń dúró sí ní àdúgbò wa nígbà òjò.

Ọgbọ́n kan náà ni àwọn obìnrin Kanembu létí adágún Chad ń jẹ lára ẹ̀. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú omi tó ní kánún púpọ̀, spirulina, wọ́n ń sẹ́ ẹ jọ, wọ́n ń da á sórí yanrìn kó gbẹ, wọ́n ń pè é ní dihé, ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń sè. Omi yẹn ti lágbára jù fún ọ̀pọ̀ nǹkan míì, ìyẹn ni spirulina fi ń gba ibẹ̀ kan. Ògì fi kíkan lé ọ̀tá, eléyìí fi kánún lé e.

Ó wá ku àwọn tí ò ní odi kankan, ibí yìí sì ni mo ti jìyà. Trichoderma, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan ni, ó ń gbé nínú ilẹ̀, ó máa ń já fọ́ńgọ́ọ̀sì míì jẹ, òun ni mo fẹ́ fún ìdí tòmátò mi torí àrùn tó ń mú kí igi ẹ̀ rọ láti gbòǹgbò. Orí ìrẹsì bíbọ̀ tàbí ọkà bàbà ni wọ́n ti ń sìn ín. Ṣùgbọ́n ìrẹsì bíbọ̀, ta ni ò fẹ́ ẹ? Gbogbo kòkòrò ayé ló fẹ́ ẹ. Àfi kẹ́ ẹ pa gbogbo wọn kẹ́ ẹ tó gbé tiyín síbẹ̀.

Mo ra ìrẹsì fífọ́ láti Ìgbẹmọ, èyí tí wọ́n ń yọ sọ́tọ̀, kò wọ́n tó odindi. Mo rẹ ẹ́, mo bọ̀ ọ́ ní ààbọ̀, mo di í sínú náílọ́ọ̀nù 40, mo tò wọ́n sórí igi nínú dúrọ́ọ̀mù tí omi wà nísàlẹ̀ ẹ̀, mo dáná sí i fún wákàtí mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi ti fún mi ní ìyá Trichoderma, ìyẹn èyí tó mọ́ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, láti yàrá ìwádìí wọn, mo sì fi síbi gbogbo náílọ́ọ̀nù náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú ilé kan náà tí mo ti ń po oúnjẹ adìẹ. Ọjọ́ kẹrin, mo ṣílẹ̀kùn, mo rí nǹkan kan tó pọ́n bí epo pupa, lẹ́búlẹ́bú, ó ti bo náílọ́ọ̀nù bí 30. Ẹ ti rí i rí, ó máa ń hù lára ṣùkù àgbàdo bíbọ̀ tí wọ́n jù sígbó. Tó bá ti wọlé, ó ń fò ni, á dé gbogbo ibi. Mo jó gbogbo ẹ̀ níná, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì fọ ilé yẹn.

Ohun méjì ni mo ṣì. Èkíní, ìrẹsì mi ti rọ̀ jù, ó ń lẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ ò lè gba àárín ẹ̀, Trichoderma sì fẹ́ afẹ́fẹ́, kò dà bíi lactobacillus tí kì í fẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá bọ ìrẹsì, hóró kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá dúró. Èkejì ni ooru. Omi híhó kì í pa gbogbo nǹkan. Àwọn bakitéríà kan máa ń wé ara wọn sínú èèpo líle, bí èso, tẹ́ ẹ bá bọ̀ wọ́n fún wákàtí kan wọn ò ní kú, tí ilẹ̀ bá tutù wọ́n á jí. Pressure pot ló ń pa ìyẹn, torí ooru ẹ̀ ń dé 121°C, ṣùgbọ́n èyí tó lè gba 40 náílọ́ọ̀nù owó ńlá ni. John Tyndall ti rí ọ̀nà àbáyọ ní 1877: ẹ fi ooru omi híhó sè é fún bíi wákàtí kan lónìí, ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la. Èso inú èèpo yẹn á rò pé ewu ti kọjá, á hù jáde. Lọ́la ẹ tún sè é, ẹ ti bá a níta nìyẹn. Ọ̀túnla ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta fún èyí tó bá pẹ́ jí. Ọjọ́ mẹ́ta, igi ìdáná díẹ̀, kò sí ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí mo sì kó iṣẹ́ yẹn kúrò níbi tí erùpẹ̀ oúnjẹ adìẹ wà, nínú náílọ́ọ̀nù 20 (mi ò ṣe ju 20 lọ mọ́ lẹ́ẹ̀kan), ó lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ló máa bàjẹ́. Mo máa ń fi gígé páìpù PVC kékeré ṣe ọrùn fún náílọ́ọ̀nù, mo fi òwú dí i kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kí eruku má wọlé, bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá gbogbo ẹ̀ á di àwọ̀ ewé.

Ẹ má rò pé eré ni mò ń ṣe o. Kúbà, nígbà tí Soviet Union tú ká ní 1991 tí kò sẹ́ni tó ń fi oògùn oko ránṣẹ́ sí wọn mọ́, ilé iṣẹ́ kékeré tó lé ní 200 ni wọ́n gbára lé káàkiri ìgbèríko, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń pa kòkòrò oko sórí ìrẹsì àti ìdàrọ́ ìrèké. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní tòsí wa níbí, IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Íbàdàn, wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe jáde, fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ò ní májèlé ni wọ́n fi bo ọkà bàbà tí wọ́n ti pa kó má hù, àgbẹ̀ á fọ́n ọn sóko àgbàdo, kílò 10 fún hẹ́kítà kan, kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, á gba ipò mọ́ èyí tó ń ṣe aflatoxin, májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lọ́wọ́. Ọkà bàbà lásán ni oúnjẹ ẹ̀. Tí iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè dúró lórí ọkà bàbà, kí ló dé tí kò fi lè sí ibi mẹ́ta mẹ́rin irú ẹ̀ l'Ékìtì, kí ọ̀kan wà ní Ìkọ̀lé, kí ọ̀kan wà ní Ìjerò, kí àwọn ọmọ tó ń jáde yunifásítì pẹ̀lú microbiology tí wọ́n ń ta káàdì ríṣáàjì máa rí ibi lo ìmọ̀ wọn? Ìyá tó mọ́ ló yẹ kó ti ọ̀dọ̀ wọn jáde, a ò gbọ́dọ̀ máa wá a lórí búrẹ́dì tó bu. Èyí ṣe pàtàkì. Fọ́ńgọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ rí nílé ò túmọ̀ sí Trichoderma, ó lè jẹ́ èyí tó ń ṣe májèlé fún ẹ̀dọ̀, àwọ̀ wọn jọra. Ẹ má fún adìẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀ jẹ ohun tó bá hu fọ́ńgọ́ọ̀sì, ẹ sì bo imú yín tẹ́ ẹ bá ń tú náílọ́ọ̀nù yẹn, lẹ́búlẹ́bú ẹ̀ ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹnì kan bi mí nípa yíìsì, pé ṣé òun lè fi ẹmu sin yíìsì tó pọ̀ fún búrẹ́dì. Ẹmu kún fún yíìsì lóòótọ́, àwọn ìyá wa sì ti fi wú àkàrà òyìnbó rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀: tẹ́ ẹ bá da ṣúgà púpọ̀ fún yíìsì lẹ́ẹ̀kan, ọtí ló máa fi ṣe, kò ní fi bẹ́ẹ̀ bímọ. Tó bá jẹ́ pé ọmọ lẹ fẹ́, díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa kán ṣúgà sí i, kẹ́ ẹ sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láì dáwọ́ dúró, bí ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n ń lò fún ẹja inú gíláàsì lè ṣe kẹ́ẹ̀gì kan, kò lè ṣe dúrọ́ọ̀mù. Èmi ò bá a lọ mọ́, iná tí a ní ò gbà á.

Ti àwọn ará Íńdíà náà, jeevamrutha, èyí tí Subhash Palekar sọ di gbajúmọ̀: 200 lítà omi, kílò 10 ìgbẹ́ màálù, ìtọ̀ màálù lítà 5 sí 10, kílò 2 ṣúgà ìrèké, kílò 2 ìyẹ̀fun ẹ̀wà, ẹ̀kúnwọ́ yẹ̀pẹ̀ kan, ọjọ́ méjì ó ti ṣetán. Ó rọrùn, mo sì ti lò ó sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní odi, gbogbo ẹni tó bá wá ló ń gbà sílé, kòkòrò inú ìgbẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀, mi ò lè fọ́n ọn sórí ẹ̀fọ́ tàbí tòmátò tí èèyàn máa jẹ ní tútù. Ti oníkíkan ni mo fi ń fọ́n ewé.

Ní ti omi fúnra ẹ̀, tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi oògùn sí, ẹ ṣí i sílẹ̀ mọ́jú kí oògùn náà fẹ́ lọ. Ẹ má de ìdérí kẹ́ẹ̀gì pinpin, gáàsì máa ń gbára jọ síbẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù tó ti gbé oògùn apako rí, kódà kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ má lò ó. Mo pàdánù odidi 200 lítà lórí dúrọ́ọ̀mù àlòkù kan tí ẹni tó tà á fún mi ní omi ọṣẹ ló gbé tẹ́lẹ̀, kò kan rárá, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi dúró bí omi òjò.

Ilé ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Kọ́ọ̀bù oníkíkan kan nínú kẹ́ẹ̀gì omi 25 lítà, mo ń fọ́n ọn sórí èérún igi tí mo tẹ́ sílẹ̀ fún wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Òórùn ò tán pátápátá, ilé ẹlẹ́dẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èyí tó ń ta sí ojú yẹn ti lọ, àwọn aládùúgbò ò wá mọ́. Mo tún ń lò ó láti fi di èèpo gbágùúdá sínú náílọ́ọ̀nù kó kan, kí májèlé inú ẹ̀ lè dín kù kí n tó sá a fún wọn. Tòmátò, Trichoderma ti bá mi dín rírọ tó ti gbòǹgbò wá kù, ṣùgbọ́n èyí tí bakitéríà ń fà, tí igi á rọ lójijì lọ́sàn-án gangan tí ewé ẹ̀ ṣì tutù, kò rí i ṣe. Mo ń tu irú ìyẹn sọnù ni.

Kẹ́ẹ̀gì méjèèjì tí mo gbà lọ́wọ́ màmá mi ti wọ inú dúrọ́ọ̀mù, omi wàrà ni mo fi kún un. Ọjọ́ kẹrin ẹ̀ lónìí. Mo ki pépà bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó ti dé 4, ó ṣẹ́ku díẹ̀. Lọ́la, tó bá já sísàlẹ̀ 4, màá ṣẹ́ 20 lítà sọ́tọ̀ fún ọmọkùnrin kan ní Ìfàkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn adìẹ tó ní òun fẹ́ wá gbà á, màá sì dá kẹ́ẹ̀gì màmá mi padà.